Àpótí géèmù àtijọ́ tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti kú: sọ́fítíwíà wo ni kí n gbé sínú rẹ̀?

Àlàó_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹni mi. Ilé ìgbafẹ́ kan tó kógbá wọlé lu ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo, mo sì rí àpótí géèmù àtijọ́ kan rà níbẹ̀, irú èyí tí èèyàn méjì máa ń dúró ti ara wọn níwájú rẹ̀. Ọ̀pá ìdarí méjì, bọ́tìnnì mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ló wà nínú rẹ̀. Tí mo bá tanná sí i, ojú rẹ̀ ń mọ́lẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò sí àwòrán. Bátìrì ara bọ́ọ̀dù géèmù ti yọ omi, omi náà sì ti jẹ bọ́ọ̀dù ọ̀hún wọ egungun. Gbogbo wáyà inú rẹ̀ parí sí ẹnu gbọọrọ kan tó ní eyín 28 lókè, 28 nísàlẹ̀.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun mi ni mo fẹ́ gbé e sí, kí àwọn tí kò tíì kàn lè rí nǹkan fọwọ́ ṣe. Mo ní Raspberry Pi 4, kọ̀ǹpútà kékeré olóbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, nílé, mo tún ní kọ̀ǹpútà Dell tòkunbọ̀ kan. MAME, RetroPie, Batocera, Recalbox, GroovyMAME: mo ti kà á títí ojú mi ń ṣú. Èwo ni kí n mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé Ìbàdàn la wà, iná kì í dágbére kó tó lọ.

Kí_Ló_Kàn_Mí

PS tòkunbọ̀ kan, tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kan, ó parí. Kí lẹ fẹ́ fi pósí yẹn ṣe?

Bísí_Àgbówó

Ẹ má dá èyí lóhùn, ẹ̀gbọ́n Àlàó. Gbogbo ibi ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kó yé yín ni pé àwọn tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. MAME ni òṣìṣẹ́ gan-an. Ará Ítálì kan, Nicola Salmoria, ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní oṣù kejì ọdún 1997. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe bíi bọ́ọ̀dù géèmù àtijọ́ látòkè délẹ̀. Pac-Man ti 1980, ṣíìpù Z80 kan ló ń darí rẹ̀. Street Fighter II ti 1991, Motorola 68000 ló ń darí géèmù, Z80 sì ń bójú tó ohùn. MAME á ṣe bí Z80, á ṣe bí 68000, géèmù tí wọ́n kọ sínú ṣíìpù nígbà yẹn, èyí tí à ń pè ní ROM, á rò pé ilé òun lòun ṣì wà.

RetroPie, Batocera àti Recalbox, odindi ètò ni wọ́n. Wọ́n ti kó MAME àtàwọn mìíràn sínú, wọ́n wá fi EmulationStation síwájú, òun lẹ ó máa fi yan géèmù. GroovyMAME ní tirẹ̀ jẹ́ MAME tí wọ́n tún ṣe nítorí tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn.

Tó bá jẹ́ èmi, Batocera ni. Ẹ kọ ọ́ sórí fláàṣì, ẹ fi fláàṣì náà sára Dell yẹn, ẹ ní kó tan láti ara fláàṣì. Kò ní fọwọ́ kan Windows. Tí kò bá wù yín, ẹ yọ fláàṣì, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ yọ tẹlifíṣọ̀n yẹn dànù, ẹ fi mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ sí i. Ẹ ra bọ́ọ̀dù USB kékeré tí wọ́n ń pè ní zero delay méjì, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ so bọ́tìnnì àti ọ̀pá mọ́ ọn. Batocera á rí i bíi páàdì. Kò náni ní nǹkan púpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Wáyà

"Ẹ yọ tẹlifíṣọ̀n yẹn dànù." Bísí, Ọlọ́run ń gbọ́ o.

Àlàó, skíríìnì ni kó o kọ́kọ́ wò, kó o tó mú sọ́fítíwíà. Púpọ̀ nínú skíríìnì àpótí ayé ìgbà yẹn, nǹkan bí ìlà 15,700 ni wọ́n ń fà lójú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òun là ń pè ní 15 kHz. Ẹnu VGA kọ̀ǹpútà, ibi tí wáyà mọ́nítọ̀ ń wọ̀, máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 31 kHz. Bó o bá kàn ki wáyà VGA sí i, àwòrán á fọ́ wẹ́wẹ́, skíríìnì tó ti dàgbà sì lè bá a jóná. Má sì rò pé wàá tún un ṣe tí Windows bá wọlé tán. Lẹ́tà funfun tí kọ̀ǹpútà ń kọ nígbà tó bá ń jí yẹn gan-an, 31 kHz ni.

Ẹnu eléyín 28 lọ́nà méjì tó o sọ, JAMMA ni. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ eré ní Japan ló fẹnu kò lé e lórí ní 1985, kí bọ́ọ̀dù géèmù ilé iṣẹ́ kan lè wọ inú àpótí ilé iṣẹ́ mìíràn. Ìyẹn sàn fún ọ púpọ̀, torí o kò ní láti gé wáyà kankan. Bọ́ọ̀dù kan wà tó ń jẹ́ J-PAC, Ultimarc ló ń ṣe é. Apá kan rẹ̀ wọ ẹnu JAMMA, apá kejì lọ sí VGA àti USB kọ̀ǹpútà. Bọ́tìnnì àti ọ̀pá á máa bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ bíi kíbọ́ọ̀dù: tí kọ́ìnì bá wọlé, nọ́ńbà 5 ló tẹ̀, Start ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ nọ́ńbà 1, bí MAME ṣe fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn. Ó tún ń gbé agbára àwòrán ga, torí ohun tó ń jáde lẹ́nu VGA kò tó fún irú skíríìnì yìí. Tí kọ̀ǹpútà bá sì fi 31 kHz ránṣẹ́, kò ní jẹ́ kó kọjá.

Nǹkan kan tún wà. JAMMA kò ro ti bọ́tìnnì mẹ́fà. Mẹ́ta ló sábà máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wo inú àpótí dáadáa, wàá rí wáyà kékeré kan lọ́tọ̀ fún mẹ́ta tó kù, ìyẹn àwọn tí wọ́n fi ń ta ìpá nínú Street Fighter. Ara J-PAC náà lo máa so ó mọ́.

Sọ́fítíwíà: GroovyMAME. Lórí Windows, wàá fi CRT Emudriver, ìyẹn dráíbà tó ń jẹ́ kí káàdì bá tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn sọ̀rọ̀, àti káàdì àwòrán Radeon àtijọ́ kan tó ṣì ní ẹnu VGA tì í lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ Linux lo fẹ́, lo GroovyArcade, odindi ètò tí GroovyMAME ti wà nínú rẹ̀.

Má sì ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn skíríìnì yẹn o. Iná tó wà nínú irú gíláàsì ńlá bẹ́ẹ̀ lè lé ní 20,000 fóòtì, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tó o ti yọ ọ́ lára iná. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u sílẹ̀ nìkan ni kó fọwọ́ kàn án.

Bísí_Àgbówó

Ẹ̀gbọ́n Wáyà, mo kí yín o. Mi ò ní irọ́ lẹ pa. Àmọ́ J-PAC, òkè òkun la ti máa rà á, dọ́là la ó fi san án, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù á tún fọwọ́ wọn bù ú. Radeon àtijọ́ ńkọ́? Ẹni tó fẹ́ gẹrun ni wọ́n fẹ́ gbé géèmù fún, kì í ṣe ẹni tó ń wá bí ìlà ṣe rí lójú skíríìnì. Tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn yẹn nìkan á máa jẹ iná ju Pi àti mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ pa pọ̀ lọ fíìfíì. Ìnfátà ìgẹrun ló máa gbé gbogbo ẹ̀, ṣé ẹ mọ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Wáyà

Ọ̀rọ̀ ìnfátà yẹn lágbára, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ skíríìnì kì í ṣe ẹwà lásán. Géèmù àtijọ́, ìyára tó wu olúkúlùkù ló ń lò. Street Fighter II ń yí àwòrán nǹkan bí ìgbà 59.6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ jẹ́ 60, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mortal Kombat ti 1992 ńkọ́? 54.7 ni. R-Type, 55. Fi wọ́n sórí mọ́nítọ̀ 60, bó o bá ń wo ohun tó ń rìn kọjá, wàá rí i tó ń fò tọ̀ọ̀ tọ̀ọ̀, àbí kó o jẹ́ kí géèmù sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Bí GroovyMAME ṣe ń bá skíríìnì sọ̀rọ̀ ni pé "54.7 ni wá lónìí", tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn á sì gbọ́.

Tó bá jẹ́ Street Fighter nìkan ni wọ́n fẹ́ máa gbá níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, mi ò bá Bísí jà mọ́.

Ọ̀nà kẹta wà fún ẹni tí kò lówó J-PAC. Raspberry Pi 3 àti 4 ní ihò kékeré, èyí tí èèyàn ń ki ìgbọ́hùn sí, AV ń jáde láti ibẹ̀. Wáyà AV lásán, kó o kì í sí ẹnu yẹ́lò tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ilé àwọn ìyá wa. Lórí Pi 4, kọ enable_tvout=1 sínú config.txt kó tó jáde. Lórí RetroPie tó ń lo Raspbian àtijọ́ (ètò tó ń gbé Pi ró), fi sdtv_mode=16 sí i, ìlà á dúró ketekete bíi ti àpótí géèmù. Àwọ̀ rẹ̀ kò ní mọ́ tó ti RGB, níbi tí pupa, ewé àti búlúù ti ń gba wáyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n yẹn, ọ̀pọ̀ ilé ló ń wá ẹni tó máa bá wọn gbé e kúrò nílẹ̀. Pi 5 kò ní ihò yẹn mọ́, má lọ ra ìyẹn nítorí èyí.

Pákó_Bódìjà

Ẹ kú ìjíròrò. Mi ò mọ Z80, pákó ni mo mọ̀. Ṣé ikán ò tíì dé ibẹ̀? Àwọn àpótí tó ti pẹ́ nílẹ̀ sìmẹ́ǹtì, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Àlàó_Mọ́kọ́lá

@Pákó_Bódìjà wọ́n ti bá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣeré díẹ̀. Mo ti da oògùn sí i.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ ṣeun gan-an. Mo gbé Batocera sínú Dell fún ìgbà díẹ̀ kí n lè rí bó ṣe ń rí, tẹlifíṣọ̀n sì ṣì wà ní àyè rẹ̀, ẹ̀gbọ́n Wáyà ẹ fọkàn balẹ̀. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Àmọ́ àwọn ROM tí ẹnì kan fún mi lórí fláàṣì, àwọn kan ṣí, àwọn kan ń sọ pé fáìlì kò pé. Fáìlì yẹn náà ló ṣiṣẹ́ lórí Pi mi tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú RetroPie! Kí ló fà á?

Bísí_Àgbówó

Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń dà á sílẹ̀. ROM kì í ṣe bí orin MP3 tí gbogbo fóònù lè kọ. MAME máa ń yí padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ oṣooṣù ni wọ́n ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Nígbà mìíràn wọ́n á rí i pé ṣíìpù kan wà lára bọ́ọ̀dù tí wọn ò tíì kà, wọ́n á kà á, wọ́n á fi kún un. Láti ọjọ́ yẹn, fáìlì àtijọ́ kò pé mọ́ lójú MAME tuntun. RetroPie tó wà lórí Pi yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ mame2003 ló ń lò, ìyẹn MAME 0.78 ni. Batocera ní MAME tuntun. ROM tó bá 0.78 mu, kò di dandan kó bá ìyẹn mu.

Ẹ tún yẹ èyí wò. Géèmù kan lè ní bàbá àti ọmọ: bàbá ni ẹ̀dà tí MAME mú ní ìpìlẹ̀, ọmọ ni ẹ̀dà mìíràn ti géèmù kan náà. Bí ẹ bá ní fáìlì ọmọ nìkan láìsí ti bàbá, kò ní ṣí, àfi tí wọ́n bá ti di méjèèjì pọ̀. Ti Neo Geo, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù SNK, gbogbo wọn ló nílò neogeo.zip lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ má sì yí orúkọ fáìlì padà o! sf2.zip ni MAME mọ̀. Bí ẹ bá kọ "Street Fighter.zip" sí i, kò ní dá a mọ̀.

Nínú Batocera, ẹ lè yan ẹ̀dà MAME tí géèmù kọ̀ọ̀kan máa lò. Ìyẹn á yanjú àwọn kan láìjẹ́ pé ẹ wá fáìlì tuntun kiri.

Onílé_Géèmù_Ṣálẹ́ńjì

Mo ti ń kà á láti ọjọ́ yìí. Kò sẹ́ni tó tíì sọ ohun tó ń pa àwa tó ń fi géèmù jẹun. Iná ni.

Pi ń ka nǹkan láti orí mẹ́mọ́rì káàdì, ó sì ń kọ nǹkan sí i lọ́pọ̀ ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò bá mọ̀. Bí iná bá lọ nígbà tó ń kọ, káàdì lè bàjẹ́, lọ́jọ́ kejì lẹ ó máa wo ojú dúdú. Tó bá jẹ́ RetroPie lẹ lò, ẹ wọ raspi-config, ibi Performance, ẹ tan Overlay File System. Láti ìgbà yẹn lọ, ohunkóhun tó bá fẹ́ kọ, inú mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ ni yóò wà, káàdì kò ní rí i. Kí iná lọ nígbà ogún lóòjọ́, káàdì wà bó ṣe wà. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé máàkì gíga táwọn ọmọ bá gbà á pòórá nígbà tí iná bá lọ. Ti Pac-Man tiẹ̀ kò yàtọ̀, bọ́ọ̀dù rẹ̀ gan-an kì í rántí máàkì tí wọ́n bá ti pa á. Àmọ́ àwọn ọmọ tó ń gbá tiyín á bínú.

Batocera sàn díẹ̀ níbí, torí ètò rẹ̀ fúnra rẹ̀ wà nínú fáìlì kan tí a kì í kọ sí, apá tí ROM àti máàkì wà nìkan ló lè ní ìṣòro. Ẹ kó ẹ̀dà apá yẹn pamọ́ síbì kan.

Èkejì, ṣájà. Pi 4 ń fẹ́ fóòtì 5, áḿpìà 3. Ṣájà fóònù tí wọ́n ń tà létí títì kò lè gbé e. Bí ẹ bá rí àmì mànàmáná kékeré lókè skíríìnì, ebi ń pa á nìyẹn, kò ní pẹ́ tí géèmù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

Ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ Ìbàdàn. Bí ẹ bá lo J-PAC, tí wọ́n bá di Start kìíní mú tí wọ́n sì tẹ Start kejì, Esc ni, géèmù ti kú nìyẹn. Wọ́n máa rí i kó tó dalẹ́! Ẹ lọ pa á nínú ètò J-PAC. Nínú EmulationStation, ẹ wá UI Mode, ẹ fi sí Kiosk. Wọ́n á máa yan géèmù, wọn ò ní lè wọ ibi ètò lọ da nǹkan rú.

Àlàó_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn wọlé. Kọ́ìnì ńkọ́? Ibi tí wọ́n ń ju owó sí ṣì wà lára rẹ̀.

Onílé_Géèmù_Ṣálẹ́ńjì

Kọ́ìnì wo? Náírà kan àti náírà méjì tí wọ́n ṣe ní 2007, ta ló tún ń rí i? Tókìnì ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ̀rọ CH-926 wà, fóòtì 12 ló ń jẹ, ẹ máa fi tókìnì yín hàn án kó mọ̀ ọ́n, kò ní gba òmíràn. Tí tókìnì bá wọlé, á tẹ bọ́tìnnì kọ́ìnì fún MAME. Lára rẹ̀ ẹ máa rí bọ́tìnnì tí ẹ fi ń yan bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó jáwọ́. Ẹ fi sí èyí tó lọ́ra jù, torí tó bá yára jù, MAME lè má rí i, ọmọ tó ju tókìnì sí i á sì sọ pé ẹ gbowó òun jẹ.

Lọ́yà_Ìyágankú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí n tó sùn, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí ti tókìnì yẹn.

MAME fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà. Láti 2016 ló ti wà lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL, ẹnikẹ́ni lè lò ó, kódà níbi òwò. Kì í ṣe gbogbo èyí tó wà nínú Batocera tàbí RetroPie ló rí bẹ́ẹ̀ o. FinalBurn Neo, tó ń ṣe irú iṣẹ́ MAME, àwọn tó ṣe é sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbà kí wọ́n fi pawó. mame2003 náà, ìwé àṣẹ àtijọ́ ló wà lórí rẹ̀, ìyẹn náà kò fàyè gba òwò.

ROM ló wá le jù. Street Fighter jẹ́ ti Capcom títí dòní. Òfin àṣẹ lórí iṣẹ́ ọpọlọ ti orílẹ̀-èdè yìí, ti 2022, ka sọ́fítíwíà mọ́ ohun tó dáàbò bò. Pé géèmù ti dàgbà kò sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, pé ẹnì kan fún yín lórí fláàṣì kò sọ yín di oníǹkan.

Àlàó_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, tí n kò bá gba kọ́bọ̀ ńkọ́? Irun ni wọ́n ń sanwó fún, géèmù jẹ́ ọ̀fẹ́.

Lọ́yà_Ìyágankú

Ṣọ́ọ̀bù ni ṣọ́ọ̀bù ń jẹ́. Géèmù yẹn ló ń mú kí oníbàárà jókòó, àbí kò rí bẹ́ẹ̀? Ọ̀fẹ́ kò sọ ROM ẹlòmíràn di tiyín.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe rèé. Lórí ojú òpó MAME, ROM díẹ̀ wà tí àwọn tó ni ín gbà kí wọ́n máa pín in: Gridlee wà níbẹ̀, Robby Roto ti 1981 náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ ka ìwé àṣẹ tó wà lára wọn o, ohun tó sọ ni pé kí wọ́n máa lò ó láìfi pawó. Ti ilé yín, fún ìgbádùn ara yín, wọ́n dára. Fún ṣọ́ọ̀bù, ẹ wá àwọn tó ń ṣe géèmù tuntun fún irú àpótí báyìí, ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Púpọ̀ nínú wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni, ó máa dùn mọ́ ọn pé wọ́n ń gbá tirẹ̀ ní Ìbàdàn.

Kí_Ló_Kàn_Mí

Mo ṣáà sọ pé PS.

Lọ́yà_Ìyágankú

@Kí_Ló_Kàn_Mí ti PS náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ o. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?

Bísí_Àgbówó

😂😂

Ẹ̀gbọ́n Àlàó, ọmọ kíláàsì mi kan ń ṣe géèmù ayò olópọ́n fún kọ̀ǹpútà, Linux ló ń lò, ó lè wọ inú Batocera níbi Ports. Màá bi í léèrè bóyá ó gbà. Ọ̀pá àti bọ́tìnnì kan ló nílò.

Àlàó_Mọ́kọ́lá

Ayò nínú àpótí yẹn! Bá mi bi í, mo fẹ́ ẹ.

Ibi tí mo bá a dé nìyí o. Dell ló máa wọ inú àpótí, kì í ṣe Pi. Tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn dúró. Màá fowó J-PAC pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Kó tó dé, mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ á wà lórí tábìlì pẹ̀lú Batocera àti zero delay. Tí J-PAC bá dé, GroovyMAME á wọlé. Ayò àti géèmù tí a bá gba àṣẹ rẹ̀ ló máa wà ní ṣọ́ọ̀bù. Street Fighter, ilé ni, èmi àti ìyàwó mi, ẹni tó bá fìdí rẹmi ló máa fọ abọ́.

Ẹ̀gbọ́n Wáyà, ojú skíríìnì yẹn tó ń mọ́lẹ̀ díẹ̀, ṣé ó lè dára sí i?

Ẹ̀gbọ́n_Wáyà

Kápásítọ̀ rẹ̀ ló ti gbẹ, ó ṣeé ṣe. Èyí tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́kitiró, wọn kì í wà títí ayé. Ká pààrọ̀ wọn kó o tó fi J-PAC sí i, kó má baà jẹ́ pé wàá máa rò pé sọ́fítíwíà ni kò dáa. Má yọ nǹkan kan níbẹ̀. Pa á, yọ ọ́ lára iná, gbé odindi àpótí wá. Ògùnpa ni mo wà, Sátidé lẹ́yìn agogo mẹ́wàá. Mo máa tú iná inú gíláàsì sílẹ̀ fúnra mi.

Pákó_Bódìjà

Tó o bá ń gbé e bọ̀ láti Ògùnpa, yà lọ́dọ̀ mi kí n wo ìsàlẹ̀ yẹn. Oògùn lo dà sí i, o ò sọ pé o gé ibi tí wọ́n ti jẹ kúrò.